Férémù Kẹ̀kẹ́ Agbẹ̀bí

“Ìka méjì péré ni mo fi gbé e o!” Agbẹ̀bí gbé férémù aláwọ̀ búlúù náà sókè, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó ń fi aṣọ tuntun han ọ̀rẹ́. “Èyí ni mo fẹ́. Wò ó bó ṣe fúyẹ́!”

“Ẹ gbé e sílẹ̀, Àǹtí mi,” ni àbúrò rẹ̀ wí. Kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń nù lórí tábìlì. “Bó ṣe fúyẹ́ yẹn gan-an ni àìsàn rẹ̀.”

“Kí ló ṣe é? Ṣé kò lẹ́wà ni?”

“Ó lẹ́wà. Álúmíníọ̀mù ni. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ lẹ fẹ́ fi wà á lọ sọ́jà, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì máa ń gbọ̀n, kì í sinmi. Irin gidi, tó bá fẹ́ ṣẹ́, á kọ́kọ́ tẹ̀, á ké, á kìlọ̀ fún yín. Èyí kì í kìlọ̀. Ẹ ó wà lórí rẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń gbádùn ayé yín, ẹ ó kàn ṣàdédé rí i pé ilẹ̀ lẹ wà.”

“Ìwà ọ̀rẹ́kùnrin mi àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn,” ni Agbẹ̀bí wí, ó sì rọra gbé férémù náà sílẹ̀.

Onírin ni gbogbo àdúgbò ń pe àbúrò yìí, nítorí láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń jó irin pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kànlélógójì báyìí. Àwọn ọkùnrin tó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín pé obìnrin gbé ìbòjú wẹ́dà wọ̀ ti di oníbàárà rẹ̀, ẹnu wọn sì ti wọhò. Kẹ̀kẹ́ ni iṣẹ́ wọn níbẹ̀. Wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń kàn án láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tí Onírin ti ń gbé ẹ́ńjìnnì sí i lára. Ó ti ṣe mọ́kànlá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó já ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lójú ọ̀nà rí. Kì í fọ́nnu nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ó rí i bí ọrùn rẹ̀ á ṣe gùn sí i.

Ìkejìlá yìí yàtọ̀, torí pé ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Iṣẹ́ Agbẹ̀bí ni kó máa lọ láti ilé dé ilé, kó máa wo àwọn abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ àti àwọn ìkókó wọn. Ìdajì nínú àwọn ilé náà wà lórí òkè, níbi tí mọ́tò kò ti lè gba àárín ilé kọjá. Alùpùpù wúwo jù fún un láti máa fà yípo. Ẹsẹ̀ ló sì fi ń gòkè láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, títí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún fi ní òun ò ṣe mọ́. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní tí kò bá tíì lè gòkè nígbà tí oṣù bá parí, kó wá jókòó sí ọ́fíìsì kó máa to káàdì àwọn aláìsàn. Ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ọmọ tí kò níye sáyé, ẹ ní kó wá máa to káàdì! Agbẹ̀bí sọ fún àbúrò rẹ̀ pé bí wọ́n bá fi òun síbẹ̀, òun á kú kí ọdún tó yípo, kò sì jọ pé ó ń ṣeré.

Ẹ́ńjìnnì ti wà nílẹ̀. Férémù ló kù, férémù náà sì ni gbogbo ọ̀rọ̀. Tí férémù bá dáa, àṣìṣe mìíràn ṣeé tún ṣe. Tí férémù kò bá dáa, ọjọ́ tí Agbẹ̀bí bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè yẹn, pẹ̀lú ara rẹ̀ tí kì í ṣe kékeré àti àpò oògùn rẹ̀ lẹ́yìn, ọjọ́ náà ni wọn á mọ̀.

Ìgbà náà ni Bàbá jáde wá láti inú yàrá rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Agbẹ̀bí kí i lẹ́ẹ̀mejì láti ẹ̀gbẹ́, kò dáhùn. Ìgbà tó bọ́ síwájú rẹ̀ ló tó rẹ́rìn-ín.

“Àkọ́bí mi! Ìgbà wo lo dé? Wọn ò tilẹ̀ sọ fún mi.”

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, Bàbá,” ni Agbẹ̀bí wí. Òun àti àbúrò rẹ̀ wo ara wọn.

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù yìí. Wọn kì í gbé férémù sórí iṣẹ́ láìkàn án gbọ́. Wọ́n á fi okùn so ó rọ̀ ní ọrùn kó má fara kan ohunkóhun, Bàbá á wá fi ìdí sípánà kékeré kan kàn án ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Irin tó pé á dún gooro, ohùn rẹ̀ á máa lọ bí ẹni pé kò fẹ́ dákẹ́. Èyí tó bá ti sán, bó ti wù kí ọ̀dà bò ó tó, á dáhùn “kọ̀”, ó parí. Òkìkí etí Bàbá kàn ju orúkọ rẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn ti gbé kẹ̀kẹ́ wá láti ibi tó jìnnà gan-an kó kàn lè fi sípánà kàn án, kó sì sọ pé, “Ẹ máa gùn ún lọ,” tàbí, “Ẹ má gùn ún délé.”

Ó ti tó ọdún kan tí Onírin ti mọ̀ pé etí náà ń lọ. Rédíò Bàbá ń ké sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí èèyàn bá bá a sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀ ni. Onírin kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń ṣe ni pé, tí Bàbá bá ti wọlé lọ sinmi, á mú sípánà náà, á tún férémù kàn fúnra rẹ̀. Títí di òní, ohun tí Bàbá wí àti ohun tí òun gbọ́ kò tíì takora.

“Ẹ sọ ìyẹn kalẹ̀,” ni Bàbá wí, ó nàka sókè ògiri.

Onírin rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa. “Kẹ̀kẹ́ yín?”

“Kẹ̀kẹ́ mi ni o. Ẹ̀yin méjèèjì ni mo fi gbé lọ sílé ìwé. Ẹ̀gbọ́n rẹ wà níwájú, ìwọ wà lẹ́yìn, o di bẹ́líìtì mi mú bí alákàn, kò sì já ẹnì kankan yín sílẹ̀ rí. Ta ló tún yẹ kó gbé àkọ́bí mi gun òkè bí kò ṣe òun?”

Omi lé sójú Agbẹ̀bí. Férémù aláwọ̀ ewé náà ti wà lórí ògiri láti ọdún mẹ́rìndínlógún, láti ìgbà tí Bàbá ti gbé kẹ̀kẹ́ gígùn tì. Kò sì sẹ́ni tó mọ iye ìgbà tó ti fi ọ̀dà tuntun kùn ún nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n so ó rọ̀. Télọ̀ ojúlé kejì, tó ń rán awọ fún ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà lẹ́nu ọ̀nà, dá abẹ́rẹ́ dúró kó lè gbọ́.

Bàbá kan ìdí rẹ̀, ó dún gooro. Ó kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó dún gooro. Ó kan abẹ́ ọrùn, níbi tí ọ̀pá ìsàlẹ̀ ti pàdé ọ̀pá iwájú.

Kọ̀.

“Ẹ gbọ́ bó ṣe ń kọrin!” ni Bàbá wí, ojú rẹ̀ ń dán. “Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ o! Irin àtijọ́ nìyẹn, wọn ò ṣe é mọ́.”

Agbẹ̀bí, tó mọ ohùn ìkókó ju ohùn irin lọ, pàtẹ́wọ́. Télọ̀ wolẹ̀. Onírin mọ̀ pé Télọ̀ náà gbọ́ ọ, nítorí ogún ọdún tó ti fi jókòó lẹ́nu ọ̀nà wọn kì í ṣe lásán.

Abẹ́ ọrùn! Ibẹ̀ gan-an ni ẹ́ńjìnnì á ti máa gbọ̀n jù, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìwúwo á dà sí nígbà tí wọ́n bá tẹ bíréèkì lójú ìsọ̀kalẹ̀. Onírin fojú inú rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílẹ̀ lójú ọ̀nà náà, ó sì yára lé àwòrán náà kúrò lọ́kàn. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún bàbá ẹni, lójú ọmọ rẹ̀ àgbà, lójú aládùúgbò, pé etí tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n ti lọ? Òun náà ló kọ́ Onírin bí wọ́n ṣe ń gbọ́. Onírin wá irọ́ kékeré kan, ó sì rí i.

“Bàbá,” ni ó wí, ó bọ́ síwájú rẹ̀ kí ó lè rí ẹnu òun, “mi ò rò pé àárín rẹ̀ á gba ẹ́ńjìnnì.”

“Kò ní gbà á kẹ̀?” Bàbá fa téèpù yọ, ó wọn inú férémù, ó wọn ẹ́ńjìnnì. “Ó gbà á, ó tún ṣẹ́ ku ìka kan. Ìwọ tó ti ṣe mọ́kànlá, ìwọ lo fẹ́ sọ fún mi pé o ò mọ ìwọ̀n?”

Ojú ti Onírin. Irọ́ náà kò tilẹ̀ yẹ oníṣẹ́ ọwọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ní láyé tó lè gbé orí sókè nítorí rẹ̀ ni pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, òun sì nìyí tó ń díbọ́n bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ iṣẹ́.

“Mo mọ ìwọ̀n, Bàbá. Ẹ má bínú. Férémù yìí ti sán.”

Bàbá ká téèpù náà padà.

“Ta ló ní ó sán?”

“Mo gbọ́ ọ. Abẹ́ ọrùn.”

“Èmi ni mo kàn án. Èmi kò gbọ́ nǹkan kan.”

“Mo mọ̀, Bàbá.” Onírin kò fà á sẹ́yìn. “Ẹ ò gbọ́ ọ.”

Agbẹ̀bí ṣí ẹnu láti pẹ̀tù sí i, Bàbá gbé ọwọ́ sókè. Ó wo Onírin. Ojú àgbàlagbà náà le bí ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà léwe tí wọ́n bá fọwọ́ kan irinṣẹ́ rẹ̀ láìtọrọ. Ó yíjú sí Télọ̀. Télọ̀ ń wá abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an.

“Níbo?” ni Bàbá béèrè.

Onírin mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan sí abẹ́ ọrùn irin náà, gígùn rẹ̀ kò ju ìdajì ìka lọ.

“Gbé ayùn irin wá.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́!” ni Agbẹ̀bí ké. “Kẹ̀kẹ́ yín ni! Ẹ kàn gbé e padà sórí ògiri. Àbí ó di dandan ni?”

“Tó bá sán, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ mọ́. Tí kò bá sán, àbúrò rẹ ti purọ́ mọ́ irin mi, màá bá a sọ ọ́.” Ó di férémù náà mọ́ fáìsì tó wà létí tábìlì iṣẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ.

Kò sẹ́ni tó jẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sinmi, ó ń mí gúlegúle, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà ewé ń bọ́ sílẹ̀ wẹ́wẹ́. Ọjọ́ tí ayùn irin bá dún lára ohun tí bàbá ẹni fẹ́ràn, ọjọ́ náà kì í ṣeé gbàgbé. Onírin dúró, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń gbàdúrà lẹ́ẹ̀kan náà pé kí òun jàre àti pé kí òun jẹ̀bi.

Ayùn kò tíì rẹ́ ẹ dé ìdajì tí irin náà fi ṣẹ́ fúnra rẹ̀, pẹ́kẹ́. Ìpẹtà pupa dà sílẹ̀ láti inú rẹ̀ bí ìyẹ̀pẹ̀. Bàbá gbé e sójú oòrùn. Ibi tí ó ṣẹ́ kì í ṣe ojú ayùn. Ó ṣẹ́ gba orí ìlà ṣọ́ọ̀kì, lábẹ́ ibi kan tí Bàbá fúnra rẹ̀ ti jó pọ̀ nígbà kan rí. Ìsán náà ti yí ọ̀pá ká kọjá ìdajì, dúdú, ó ti pẹ́ níbẹ̀.

Ó fi àtàǹpàkò nu ojú ìsán náà. Ó tún un nù. Lẹ́yìn náà ó pariwo débi pé ẹ̀rù ba gbogbo wọn.

“Télọ̀! Dìde níbẹ̀, wá wo nǹkan! Wá wo ohun tí ọmọ mi fi etí lásán gbọ́! Ọ̀dà ẹlẹ́ẹ̀mẹ́wàá ló bò ó, ìpẹtà wà nínú, iṣẹ́ ọwọ́ èmi bàbá rẹ̀ wà lórí, ọmọ yìí sì dúró síbẹ̀ yẹn, kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, ó gbọ́ ọ! Ìdajì ìka ló fà sí i, kò fi irun orí kan ṣì í!”

“Mo rí i, Bàbá,” ni Télọ̀ wí, ara rẹ̀ sì balẹ̀ débi pé ó gbàgbé pé abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ òun, ó gún ara rẹ̀.

“Ta ló kọ́ ọ?” ni Bàbá bi Onírin.

“Ẹ̀yin ni.”

“Mo kọ́ ọ, mo kọ́ ọ! Ṣùgbọ́n mi ò kọ́ ọ tó èyí.” Orí rẹ̀ wú, ó hàn lójú rẹ̀ kedere. Ó wá jókòó lórí àpótí irinṣẹ́, irin tó ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. “Ó ti pẹ́ tí o ti ń tún wọn kàn lẹ́yìn mi, àbí?”

Onírin kò lè wojú rẹ̀. “Ọdún kan.”

“Mo máa ń rí i pé sípánà mi kì í sí níbi tí mo fi í sí.”

“Mo bẹ̀rù láti sọ fún yín, Bàbá.”

“Èmi ló yẹ kí n sọ fún yín. Èmi náà bẹ̀rù.” Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀ òsì. “Etí òsì ló kọ́kọ́ lọ. Mo ní kò burú, ọ̀kan kù. Èyí tó kù náà wá ń bínú.”

Agbẹ̀bí ti mú ìwé kékeré jáde nínú àpò rẹ̀. “Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án, èmi àti ẹ̀yin, ilé ìwòsàn wa. Wọ́n ní ohun tí wọ́n lè fi sí etí.”

“Kí n wá dà bí rédíò?”

“Kẹ́ ẹ wá dà bí ẹni tó ń gbọ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá kí i ‘ẹ káàárọ̀’ lẹ́ẹ̀mejì.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa. Ó dìde, ó nàka sí férémù kẹta tó fẹ̀yìn ti ògiri, tí kò sẹ́ni tó kọ ibi ara sí i. “Èyí ńkọ́? Mo rí i tí o gbé e wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní bóyá ẹni tó ń kó irin àlòkù ló gbàgbé rẹ̀ síbí.”

Kì í ṣe férémù tó ń wu ojú. Ó pupa fún ìpẹtà, ọ̀dà kò kù lára rẹ̀ ju bí àtẹ́lẹwọ́ lọ. Onírin so ó rọ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

“Ẹ wò ó, Bàbá. Ìpẹtà yìí kò ju ojú lọ, mo ti fi wáyà aláṣọ fọ inú ọ̀pá rẹ̀, aṣọ náà jáde ní mímọ́. Irin gidi ni látòkè délẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀pá rẹ̀ ṣe ki. Ọ̀pá òkè rẹ̀ méjì ni, ọ̀kan di èkejì mú. Ó sì tẹ̀ sísàlẹ̀ níbí, Àǹtí mi ò ní gbé orúnkún wọn ga kí wọ́n tó gùn ún. Ibi tí wíìlì ẹ̀yìn ń wọ̀ sí nípọn bí ẹ̀yìn àdá. Ṣéènì ẹ́ńjìnnì á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ńlá, kò ní họ ọ́. Ó gùn, ó fẹ̀, kò ní máa fò bí ewúrẹ́ lójú ìsọ̀kalẹ̀. Mo ti fi okùn wọ̀n ọ́n láti ọrùn dé ẹ̀yìn, ọ̀tún àti òsì dọ́gba.”

“Kàn án,” ni Bàbá wí.

Ó kàn án ní oríkèé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Bàbá kò gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé òun kò gbọ́ ọ. Ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

“Ó pé,” ni Onírin wí.

“Gbé e sórí iṣẹ́ nígbà náà. Kí lẹ tún ń dúró dè?”

Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi kàn án. Bàbá ló to sípókù wíìlì méjèèjì, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì ṣàìsàn. Ó sì yarí pé bíréèkì iwájú gbọ́dọ̀ lágbára tó láti dá ẹni méjì dúró, ó fojú wo àkọ́bí rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó ní òun kò bú ẹnikẹ́ni. Agbẹ̀bí ní òun gbọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kọkànlá, oòrùn ti yọ dáadáa, wọ́n tì í jáde sí ẹsẹ̀ òkè. Ọ̀dà dúdú ni Onírin kùn ún, kò kọ nǹkan kan sí i. Agbẹ̀bí gbé àpò oògùn rẹ̀ dè sẹ́yìn, ó gun orí awọ tuntun tí Télọ̀ rán, ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ gbooro náà mú. Ó fẹsẹ̀ wà á díẹ̀, ó tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè fa ṣéènì, ẹ́ńjìnnì sì gbà á.

Ó kọjá ilé àkọ́kọ́. Ó kọjá kọ́nà tó ti máa ń dúró fọwọ́ pa orúnkún, kò dúró. Obìnrin kan yọjú lójú fèrèsé pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, ó pe ẹni tó wà nínú ilé kó wá wò. Kẹ̀kẹ́ dúdú náà ń lọ sókè láàárín ilé méjì méjì, gíún ni, bí ẹni pé òkè náà ti tẹ́jú, títí Agbẹ̀bí fi gbé ọwọ́ kan sókè kí wọn láti òkèèrè. Onírin kígbe pé kó fi ọwọ́ méjèèjì di kẹ̀kẹ́ mú, ó sì ń nu ojú nù bó ṣe ń kígbe.

Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ lẹ́yìn. Láti ìgbà tó ti dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀, òun ni wọ́n máa ń wá bi.

“Báwo ló ṣe ń dún?” ni ó béèrè.

Onírin tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa kó tó dáhùn, nítorí ó mọ bó ṣe nira fún Bàbá tó láti béèrè rẹ̀.

“Ó ń dún geere, Bàbá. Kò sí ohun tó mì lára rẹ̀.”

Bàbá mi orí. Ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ dúró láti wo òkè, ó béèrè bóyá kẹ̀kẹ́ yẹn kò ní ṣẹ́ lójú ìsọ̀kalẹ̀. Àgbàlagbà náà na ara rẹ̀ ró.

“Kò ní ṣẹ́,” ni ó wí fún un. “Ọmọ mi ti gbọ́ ọ.”